Ìgbà Wo Là Ń Yọ Òdo? Ìtọ́sọ́nà Lórí Nọ́ńbà Fóònù Ilẹ̀ Òkèèrè

Ìyá kan wà ní Olódé, níhà gúúsù Ifẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣòwò ní Abidjan. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2021, nọ́ńbà ọmọ yìí kò wọlé mọ́. Ìyá pè títí, obìnrin inú fóònù ń sọ èdè Faransé sí i létí. Wọ́n ti ń gba ààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà kí ẹnì kan tó yẹ nọ́ńbà ọ̀hún wò. Kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kìíní, ọdún náà, orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire sọ nọ́ńbà wọn di òǹkà 10 dípò 8, òǹkà méjì tí wọ́n fi síwájú ni ìyá kò ní. (Kí ló dé tí ọmọ fúnra rẹ̀ kò pe ìyá? Ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹbí.)

Ní Ifẹ̀ níbí, ekukáká la fi lè rí agboolé tí kò ní ènìyàn lókèèrè. Àwọn kan wà ní London, àwọn kan ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn ò sì jìnnà, Ghana àti Kútọnù ni wọ́n wà. Bí a bá ta kòkó tán tí a fẹ́ fi tó wọn létí, tàbí tí owó iléèwé ọmọ wọn tó wà lọ́dọ̀ wa bá tó san, nọ́ńbà tí a kò kọ dáadáa lè dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Kóòdù orílẹ̀-èdè ni ká kọ́kọ́ mọ̀. ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀, tó wà ní Geneva, ló ń pín in, ẹkùn-ẹkùn ni wọ́n sì fi ayé pín sí: bí ẹ bá rí 2 níwájú kóòdù, Áfíríkà ló sábà máa ń jẹ́, 3 àti 4, Yúróòpù ni. Tiwa ni 234. Ghana jẹ́ 233, Tógò 228, Benin 229, Côte d'Ivoire 225. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ 44, Jámánì 49, Sáúdí 966, èyí tí ilé tó bá ti rán ènìyàn lọ sí Mẹ́kà mọ̀ dáadáa. Ẹ kíyè sí i pé òǹkà ìkẹyìn nìkan ni 233 àti 234 fi yàtọ̀ síra. Bí ìka bá ṣì tẹ̀ ẹ́, Ghana lẹ ń pè yẹn.

Kí kóòdù yìí tó lè ṣiṣẹ́, fóònù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìpè náà ń jáde nílùú. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tí wọ́n ń tẹ̀ láti fi ṣílẹ̀kùn: ní Nàìjíríà, 009 ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ghana, 00, ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 011. Ìdí rèé tí ọmọ yín ní Houston fi lè kọ nọ́ńbà yín pé 011 234, tí ẹ̀yin ó wá máa wò ó pé ibo ni 011 ti wá. Ẹ má wulẹ̀ há gbogbo rẹ̀ sórí. Lórí fóònù alágbèéká, àmì plọ́ọ̀sì, ìyẹn +, ló ń dúró fún gbogbo wọn, ibi yòówù kí ẹ wà. Lórí fóònù kékeré oníbọ́tìnnì, ẹ tẹ 0 mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbọ́wọ́ kúrò, títí + yóò fi yọ. Àwọn fóònù mìíràn wà tó jẹ́ pé bọ́tìnnì oníràwọ̀, *, lẹ máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá.

Ó wá kan òdo, níbi tí wàhálà pọ̀ sí jù.

Òdo tó ṣíwájú 0803 tàbí 0805, ará ilé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún ẹ̀rọ pé inú Nàìjíríà níbí ni ìpè yìí ń lọ. Bí ẹ bá ti fi 234 síwájú, òdo ò níṣẹ́ mọ́, ẹ yọ ọ́: 0803 di +234803. Nọ́ńbà yín jẹ́ òǹkà 11 nílé. Bó bá ń lọ òde, ó di 13, láìka + mọ́ ọn. Ẹ fi ìka kà á. Bó bá jẹ́ 14, òdo ló ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó rántí ayé NITEL, iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba àtijọ́, mọ̀ pé 036 là ń tẹ̀ fún Ifẹ̀. Ẹni tó bá ń pè láti London nígbà náà, 234 36 ló ń tẹ̀, kò sí òdo láàárín. Bákan náà ni ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: 07 wọn di +447. Ti Ghana náà kò yàtọ̀, 024 di +23324.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ayé o. Ní Côte d'Ivoire, òdo jẹ́ ara nọ́ńbà gan-an, a kì í yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fi òǹkà méjì kún nọ́ńbà fóònù alágbèéká, 07 ni wọ́n fi síwájú ti iléeṣẹ́ Orange, 05 síwájú ti MTN, 01 síwájú ti Moov. +22507 ló tọ̀nà. Bí ẹ bá yọ òdo, ẹ ti bà á jẹ́. Orílẹ̀-èdè Benin náà ṣe irú rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024: wọ́n fi 01 síwájú nọ́ńbà òǹkà 8 tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ó di +22901. Bí nọ́ńbà oníbàárà yín ní Kútọnù bá ṣì jẹ́ òǹkà 8 lẹ́yìn 229, ẹ kọ́kọ́ fi 01 yìí sí i, kí ẹ tó máa sọ pé ó gbówó yín sá lọ. Ní Ítálì, tí kóòdù wọn jẹ́ 39, òdo iwájú tẹlifóònù inú ilé kì í kúrò. Ti alágbèéká wọn kò ní òdo rárá, 3 ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Amẹ́ríkà kò ní ariwo òdo: +1, lẹ́yìn náà òǹkà 10. Àmọ́ kì í ṣe Amẹ́ríkà nìkan ló ni 1. Kánádà ń lò ó, Jàmáíkà àti ọ̀pọ̀ erékùṣù Kàríbíánì náà ń lò ó. 876 tó bá tẹ̀ lé 1, Jàmáíkà ni. Àwọn gbájúẹ̀ mọ èyí. Fóònù á dún lẹ́ẹ̀kan lóru, á gé, ẹ ó rí +1 tàbí kóòdù kan tí ẹ kò rí rí, ẹ ó sì rò pé ọmọ yín ló fi nọ́ńbà tuntun fláṣì yín. Ẹ̀rọ ló ń pè bẹ́ẹ̀ káàkiri, owó tí ẹ ó fi pè padà ni wọ́n ń wá, torí apá kan nínú rẹ̀ ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ẹ má pè é padà. Ọmọ yín á tún pè, tàbí kó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Nípa WhatsApp, bí ẹ bá fi 07 tààrà pamọ́ fún ẹni tó wà ní London, kò ní rí i, torí nọ́ńbà Nàìjíríà ló máa rò pé ó jẹ́. Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ iléèwé kan nírọ̀lẹ́ kan, kí ó tún gbogbo nọ́ńbà òkèèrè kọ pẹ̀lú +. Kí ó kọ àwọn ará ilé náà pẹ̀lú +234, wọ́n á máa wọlé bí ẹ bá rìnrìn àjò. Kí ó sì tún un kọ síbi mìíràn, torí fóònù máa ń já sí kànga. Mo mọ àwọn tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ibi tí wọ́n ń kó kòkó sí, àwọn mìíràn kọ ọ́ sẹ́yìn Bíbélì. Èyí tó wà lára ògiri dára, bí ẹnikẹ́ni ò bá sáà tún ilé kùn.

Kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà, ẹ wo aago. Accra àti Abidjan fi wákàtí kan rẹ̀yìn tiwa, Kútọnù àti àwa jọ ń lo aago kan náà. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá lù ní Ifẹ̀ tí ẹ sì ti jí láti lọ sóko, aago mọ́kànlá alẹ́ tàbí méjìlá òru ni ní Houston, ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.