Ọ̀rá Ikùn Eku àti Owó Mi Tí Ó Ṣòfò

Ìgò kan tí omi inú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mílílítà lọ ni mo rà ní iye tí ó ju owó ilé mi ti ọdún kan ní Ìlọrin lọ, ìdajì rẹ̀ sì bá omi lọ. Àǹtíbọ́dì ni, purotéènì tí a fi ń wá ohun kan pàtó rí nínú ẹran ara; tèmi ń lẹ̀ mọ́ TLR4, ọ̀kan lára àwọn olùgbà tí ó wà lójú sẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ TLR4 ni kí ó dá bakitéríà mọ̀, kí ó sì figbe ta; ṣùgbọ́n nínú ara tí ó sanra jù, ọ̀rá tí ó jọ ti màlúù, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ fetuin-A, purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, a máa mú un figbe ta láìsí àrùn kankan. Ọ̀rá ikùn á wá máa wú lábẹ́nú, ínsúlínì tí ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe dáadáa mọ́.

Fífi ọ̀rá màlúù tí mo rà ní ọjà Ìpata bọ́ àwọn eku kò le rárá. Gígé ọ̀rá tiwọn ní pẹlẹbẹ, kí n lè fi àǹtíbọ́dì náà wá TLR4 nínú rẹ̀, ni ó tán mi ní sùúrù.

Wọ́n ti sọ fún mi pé wákàtí 24 nínú fọ́málìn, omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara jẹrà, ti tó, mo sì gbà. Ọ̀bẹ gba etí búlọ́ọ̀kù, ìyẹn ìda tí a di ọ̀rá náà sínú rẹ̀, kọjá wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n bí ó ti kan àárín ni gbogbo rẹ̀ ń fọ́ bíi wàrà tí kò dì. Èyí tí mo rí gé ṣí kúrò lórí gíláàsì nígbà tí mo ń fọ̀ ọ́, ó sì gbé àǹtíbọ́dì mi lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Àgbà kan tí a ń pè ní Àáfà ni ó fi èékánná tẹ àárín búlọ́ọ̀kù náà, tí ó ní, "Àbúrò, o ṣe ọ̀rá bí ẹni ń ṣe ẹ̀dọ̀. Ìda kò wọ inú rẹ̀."

Mo tún un ṣe: ègé tí kò nípọn ju mílímítà 3 lọ, ọjọ́ méjì nínú fọ́málìn, àkókò gígùn nínú ọtí àti zaílìnì tí ń la ọ̀nà fún ìda, kí búlọ́ọ̀kù sì jókòó sórí yìnyín kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ìgbà yẹn ni mo rí wọn: àwọn macrophage, sẹ́ẹ̀lì ara tí ń gbé ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn mì, tí àwọ̀ ilẹ̀ TLR4 hàn lára wọn, tí wọ́n yí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tí ó ti kú ká bí adé. Mo pe gbogbo ilé àyẹ̀wò wá wò ó.

Mo ti pín àǹtíbọ́dì tí ó kù sí ìgò tíńtínní mẹ́fà, nítorí dídì àti yíyọ́ léraléra a máa bà á jẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ yá nínú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ gbé búlọ́ọ̀kù rẹ̀ wá kí n tẹ àárín rẹ̀ wò.