Bí ẹ ṣe lè dá èèpo oúnjẹ padà sí oko
Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ dí mi lọ́wọ́, kì í ṣe owó. Mo kó ajílẹ̀ tí mo fi èèpo ilé ìdáná ṣe lọ bá àgbẹ̀ kan. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tú u, ọ̀rá wẹ́wẹ́ ń dán nínú rẹ̀. Kò gbà á. Mi ò dá a lẹ́bi.

Níbi tí ẹ ti ń gé oúnjẹ gan-an ni kí ẹ ti ya ọ̀rá sọ́tọ̀. Ẹ bó sítíkà ara èso pẹ̀lú. Kì í jẹrà. Láti sọ ọ́ di ajílẹ̀, ẹ da ewé gbígbẹ tó ìlọ́po méjì mọ́ èèpo tútù, kí ẹ kó o jọ bí òkìtì. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù: ẹ yí i, ẹ fi ewé gbígbẹ kún un. Kí ooru àárín òkìtì náà tó 55°C fún ọjọ́ mélòó kan, kí kòkòrò àrùn lè kú.