Bí A Ṣe Ń Ṣírò Iye Ìgbà Tí Omíyalé Lè Wáyé ní Àwọn Odò Orí Òkè Colorado

Kó àkọsílẹ̀ àwọn ibùdó ìwọ̀n odò ti USGS (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ilẹ̀ àti omi) ní agbègbè òkè náà jọ, kí o sì mú ìṣàn tó ga jù lọ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Kí o tó ṣírò ohunkóhun, ya ìṣàn tó wá láti ara òjò dídì tó yọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti òjò líle. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́, nítorí pé odò lè máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí òjò alẹ́ kan ṣoṣo sì yí gbogbo rẹ̀ padà, bó ti ṣẹlẹ̀ ní odò Big Thompson ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, ọdún 1976, níbi tí ènìyàn 144 ti kú.

To àwọn ìṣàn náà láti orí èyí tó pọ̀ jù, fi ọ̀kan kún iye ọdún, kí o sì fi ipò ìṣàn kọ̀ọ̀kan pín in: nínú àkọsílẹ̀ ọdún 40, èyí tó ga jù yóò jẹ́ irú èyí tí a lè retí lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí ọdún 41. Lẹ́yìn náà, fi ìpíndọ́gba àwọn ìṣàn ibùdó kọ̀ọ̀kan pín àwọn ìṣàn tirẹ̀, kí àwọn ibùdó tó jọra lè wà lójú ìlà kan náà. Má ṣe da ibùdó tó ga ju nǹkan bíi mítà 2,300 lọ pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀, torí òjò dídì ló sábà ń jọba lókè níbẹ̀.