Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ o

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ wẹ́ẹ̀sáìtì yín wò bóyá afọ́jú lè lò ó. Ọ̀rọ̀ ẹjọ́ ni o. Ọkùnrin afọ́jú kan pe Domino's lẹ́jọ́ torí pé kò lè fi wẹ́ẹ̀sáìtì wọn ra píísà. Ní 2019, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní òfin ADA ti 1990, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, kàn wọ́n. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ wọn. Wọ́n sì ń pe oníṣòwò kéékèèké náà lẹ́jọ́.

Ẹ tan VoiceOver tàbí TalkBack lórí fóònù, ìyẹn ohun tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè fún afọ́jú, ẹ dijú, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti ra ọjà ara yín. Mo dán tèmi wò, ojú tì mí: gbogbo gèlè tí mo ń tà, "IMG" pẹ̀lú nọ́ńbà gbọọrọ ló ń kà. Ta ló fẹ́ ra ìyẹn? Mo ti kọ "gèlè aṣọ òkè pupa" sínú alt text rẹ̀ báyìí, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe àwòrán. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.