Bí ẹ ṣe lè rí dókítà ọpọlọ ní Òṣogbo

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí ní ṣọ́ọ̀bù pé ibo ni mo gbé àbúrò mi lọ, UNIOSUN Teaching Hospital ni, ibi tí ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè ní LAUTECH. Ẹ tètè débẹ̀ láàárọ̀, ẹ gba káàdì, kí ẹ sọ pé ẹ̀ka àrùn ọpọlọ, ìyẹn psychiatry, lẹ ń wá. Ẹ má tijú, kò sẹ́ni tó ráyè máa wojú yín.

Ẹni tó ń bá aláìsàn náà gbé ni kó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ẹni tó lówó jù nínú ẹbí. Dókítà á bèèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń sọ pé òun fẹ́ kú? Ẹ kó gbogbo oògùn tó ń lò sínú láílọ́ọ̀nù, àgbo náà ńkọ́! Èmi gbé ìgò àgbo lọ, nọ́ọ̀sì ò bú mi.

Tí wọ́n bá fún un ní haloperidol, oògùn àrùn ọpọlọ kan, tí ọrùn rẹ̀ wá ń lọ́, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ padà. Oògùn wà fún ìyẹn. Tí ara bá sì yá, ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Ilé-Ifẹ̀ ò jìnnà, OAUTHC, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wà níbẹ̀. Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ l'Abẹ́òkúta, náà ń gba aláìsàn, láti 1954 ló ti wà.