Pàǹtí tí ẹ dà síta àti ọlọ́pàá tí kò ní wáráǹtì

Mo gbé ọ̀rá pàǹtí síwájú gẹ́ètì wa l'Ókè-Fìà kí akólẹ̀ wá kó o. Ṣé ọlọ́pàá lè tú u láìní wáráǹtì, ìyẹn ìwé àṣẹ láti tú ilé tàbí ẹrù?

Ẹ má retí pé òfin á dá a dúró. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ń dáàbò bo ilé yín, lẹ́tà yín àti ọ̀rọ̀ orí fóònù yín. Kò dárúkọ etí títì. Ẹjọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Greenwood, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti dá a ní 1988. Lóòótọ́ ló ní ọ̀rá pàǹtí etí títì kò gba wáráǹtì, ṣùgbọ́n kò de adájọ́ Òṣogbo.

Dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí tó wà nínú àgbàlá ńkọ́?

Ilé yín nìyẹn. Ẹ bèèrè wáráǹtì. Àmọ́ wọ́n lè lé afurasí tó sá wọlé yín wọlé láìní in.

Mo ju báàgì sílẹ̀, mo sá fún ọlọ́pàá.

Wọ́n á gbé e. Tí ẹ bá sì ti ní "kì í ṣe tèmi", á ṣòro kí ẹ tó padà gbà á.

Fóònù mi jábọ́ ní Ọláìyá, ó ti wà ní téṣàn.

Ohun tó sọnù yàtọ̀ sí ohun tí a jù nù. Ẹ mú páálí fóònù náà lọ. Nọ́ńbà IMEI oní-dígíìtì 15, tí wọ́n fi ń dá fóònù mọ̀, wà lára rẹ̀.

Wọn ò ní wáráǹtì. Ṣé ẹjọ́ ti túká nìyẹn?

Rárá! Ìbéèrè yìí ló ń kó èèyàn sí wàhálà jù. Wọ́n á jókòó ti ọ̀rọ̀ wáráǹtì, wọn ò ní kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Abala 14 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní adájọ́ lè gba ẹ̀rí tí wọ́n rí lọ́nà àìtọ́, àfi tó bá rí i pé gbígbà á burú ju kíkọ̀ ọ́ lọ. Abala 15 ló fi ń wọ̀n ọ́n: báwo lẹ̀sùn náà ṣe wúwo tó, ṣé ọlọ́pàá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òfin lójú, ṣé ì bá rọrùn fún un láti rí ẹ̀rí náà lọ́nà tó tọ́. Nítorí náà, ẹ di ibi tí wọ́n ti rí nǹkan ọ̀hún mú. Tí ìwé tí ọlọ́pàá kọ ohun tí wọ́n kó sí bá ní "ìta gẹ́ètì", tó sì jẹ́ garawa ìdọ̀tí ilé ìdáná ni wọ́n ti fà á yọ, ọwọ́ ara yín lẹ fi da abala 37 nù tí ẹ bá buwọ́ lù ú. Ẹ kà á tòkètilẹ̀: ohun tí wọ́n kó, iye rẹ̀, ibi tí wọ́n ti kó o, aago mélòó. Ẹ pe aládùúgbò méjì kí wọ́n dúró tì yín. Ẹ ya fọ́tò ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà àyà ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹ má bá wọn jà.

Ìgbà wo ni kí n pe lọ́yà?

Kí ẹ tó kọ sítétímẹ́ǹtì, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Abala 35 òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Tí kò bá sówó lọ́wọ́, kí mọ̀lẹ́bí sáré lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń wá lọ́yà ọ̀fẹ́ fún aláìní.