Lẹ́yìn Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Ìdánrawò: Bí Ẹ Ṣe Lè To Orúkọ Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Iléèwé Gíga

Ohun tó máa ń tú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé gíga ká ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó kì í sábà jẹ́ ẹsẹ̀ tí kò gbọ́ bọ́ọ̀lù. Kàlẹ́ńdà ni. Kóòṣì á fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó ọmọ jọ sórí pápá, á yan mẹ́rìnlélógún tó dáa jù, inú gbogbo ènìyàn á máa dùn. Nígbà tí ìdíje bá máa fi dé, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn òsì ti wà ní Port Harcourt níbi tó ti ń ṣe IT (iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ níta iléèwé), kíípà àkọ́kọ́ ti wọ káńpù àgùnbánirọ̀, nọ́ńbà náìnì (atamátàsé yín) sì ní ìdánwò lọ́jọ́ tí eré bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ to orúkọ tí kò ní já mọ́ ọn lọ́wọ́, kàlẹ́ńdà ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó kan ẹsẹ̀.

Kádíbọ́ọ̀dù kan àti pẹ́ńsùlù

Ẹ ra kádíbọ́ọ̀dù funfun ńlá kan. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ọ́, kì í ṣe báírò, torí ẹ máa pa á rẹ́ léraléra. Ẹ má to orúkọ ní A, B, D. Ààyè tí kálukú ń gbá ni kí ẹ fi tò ó: kíípà lókè, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, àárín, wíńgì, kí àwọn atamátàsé wà nísàlẹ̀. Nínú ààyè kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni àkọ́kọ́, ẹni kejì, ẹni kẹta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ, ẹ kọ ẹ̀ka tó ń kọ́ àti ìpele tó wà, oṣù tó máa kúrò nílé ìwé, ẹsẹ̀ tó ń lò, ààyè kejì tó lè gbá, àti ohun tó bá ń dùn ún lára.

Oṣù tó máa kúrò yẹn ni ọ̀pọ̀ kóòṣì kì í kọ, òun sì lọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ jù. Ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, ọdún márùn-ún ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ibẹ̀, wọ́n á sì lọ ṣe IT olóṣù mẹ́fà ní sáà kejì 400L (ọdún kẹrin). Ẹni tó wà ní 300L lónìí á gbá bọ́ọ̀lù fún yín títí di àárín 400L, á pòórá fún oṣù mẹ́fà, á tún padà wá ní 500L pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá lọ́rùn. Ẹ má ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó ti lọ, ẹ má sì kà á mọ́ àwọn tó wà nílẹ̀. Ní Adéyẹmí, iléèwé gíga àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, TP (ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́) ni tiwọn: wọ́n á pín akẹ́kọ̀ọ́ sí iléèwé káàkiri, ẹni tó bá sì bọ́ sí ìlú tó jìn, ìdánrawò ìrọ̀lẹ́ di àwátì fún un nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ọdún mẹ́ta péré ló ní. Nítorí náà, ọlọ́dún kẹta NCE àti ọlọ́dún kẹta ní FUTA kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn lórí kádíbọ́ọ̀dù yín. Ọ̀kan ń jáde lọ, èkejì ṣì ní eré púpọ̀ lẹ́sẹ̀.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi kiréyọ̀nù pupa yí orúkọ gbogbo ẹni tí kò ní sí nílé nígbà ìdíje ká. Ẹ sún sẹ́yìn kí ẹ wò ó. Ààyè tí pupa bá ti wà lára ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni kejì, ibẹ̀ niṣẹ́ yín wà, bó ti wù kí àwọn méjèèjì mọ bọ́ọ̀lù tó.

Kàlẹ́ńdà iléèwé fúnra rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán pátápátá. Lọ́dún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì lóṣù Kejì, ó di oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, NUGA, ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, wáyé ní Yunifásítì Èkó lóṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà. Kóòṣì tí kò mọ ìlú tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá, tí kò sì ní nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni nílé wọn, ibo ló ti máa rí wọn kó jọ? Ẹ kọ méjèèjì sẹ́yìn kádíbọ́ọ̀dù yẹn.

Mẹ́rìnlélógún, kí a tó wá pín wọn

Fún ẹgbẹ́ tó ń gbá 4-3-3 (ẹ̀yìn mẹ́rin, àárín mẹ́ta, iwájú mẹ́ta), bí a ṣe máa pín in rèé: kíípà mẹ́ta, ẹ̀yìn ọ̀tún méjì, ẹ̀yìn òsì méjì, ẹ̀yìn àárín mẹ́rin, méjì tó ń dúró ṣọ́ iwájú àwọn ẹ̀yìn, àárín mẹ́rin, wíńgì mẹ́rin, atamátàsé mẹ́ta. Bó bá jẹ́ 4-4-2 lẹ ń gbá, ẹ yọ ẹni kan láàárín kún àwọn atamátàsé.

Kíípà kẹta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fẹ́ gé kúrò kí wíńgì kan lè rí àyè. Ẹ má gbà. Bí ọ̀kan nínú kíípà méjì bá fi ìka ṣẹ́ ní ìdánrawò, kò sí bí ẹ ṣe máa gbá mọ́kànlá sí mọ́kànlá mọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbé ẹ̀yìn kan sáàárín òpó. Káàdì pupa kan lẹ́yìn ìyẹn, ó ti tán.

Láti ọdún 2022 ni IFAB, ìgbìmọ̀ tó ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù lágbàáyé, ti fi í sínú òfin pátápátá pé ìdíje lè gba kí ẹgbẹ́ pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún, ìgbà mẹ́ta péré láàárín eré, láìka ìsinmi abala kìíní mọ́ ọn. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló máa sọ iye tirẹ̀, torí náà ẹ gba ìwé òfin wọn kí ẹ kà á. Níbi tí márùn-ún bá ti wà, àwọn tó lè ti orí bẹ́ǹṣì wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ẹgbẹ́ tó ń gbá. Ẹ má fi àwọn tó kù kún un ṣáá.

Ẹ̀yìn òsì

Ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ya, torí ẹlẹ́sẹ̀ òsì kò pọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ní méjì: ọ̀kan jẹ́ 400L tó ń lọ IT, èkejì jẹ́ 200L tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún gbá. Lórí ìwé, ó pé. Lórí pápá, kò pé. Bí bọ́ọ̀lù bá bá ẹlẹ́sẹ̀ ọ̀tún yẹn létí ìlà, ó ní láti yí padà sínú kó tó lè gbá a, inú ibẹ̀ gan-an sì ni wíńgì ẹgbẹ́ kejì dúró dè é sí. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ogún mítà péré ló kù sí ojú ilé yín.

Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fa wíńgì ẹlẹ́sẹ̀ òsì kan láti 100L tàbí 200L bọ̀ sẹ́yìn. Ó máa gbà yín tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdúró nìkan lẹ máa kọ́ ọ: kí àlàfo òun àti ẹ̀yìn àárín má ju mítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá lọ bí bọ́ọ̀lù bá wà lápá kejì, kó ya ara rẹ̀ kó lè máa rí bọ́ọ̀lù àti wíńgì lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ wọn àyè mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́wàá, kó máa dojú kọ ẹnìkan níbẹ̀, ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, kó máa sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ dípò kó máa bẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ fi í sínú eré gidi.

Ohun tó máa ń bàjẹ́ ni pé ó máa sáré lọ síwájú, kò sì ní padà. Àwọn kóòṣì á ní agídí ló ń ṣe. Kì í ṣe agídí. Nígbà tó ń gbá wíńgì, ẹnìkan máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sì tíì mọ́ ọn lára pé òun ni ẹni yẹn báyìí. Ẹ sọ fún ẹni tó wà láàárín lápá òsì pé nígbàkigbà tí ọmọ náà bá ti kọjá òun, kí òun dúró. Ọ̀rọ̀ yẹn á yanjú ju igbe lọ.

Ìdánwò eré sísá, àti ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀

Ìdánwò mẹ́ta tó. Èkíní, kí wọ́n sáré fún ìṣẹ́jú méjìlá lórí ojú ọ̀nà oní-400 mítà. Ìyípo mẹ́fà jẹ́ mítà 2,400: ẹni tó ń gbá àárín tí kò dé ibẹ̀, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ì tó; ẹni tó bá dé 2,800, ẹ lè fọkàn tán an. Ẹ má fi èyí dá kíípà lẹ́jọ́. Èkejì, ọgbọ̀n mítà eré àsápajúdé. Àtàǹpàkò tó ń tẹ fóònù lè fi bí ìdá méjì nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ṣìnà, torí náà kí ẹni méjì máa ka àkókò, kí ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá pín in sí méjì. Ẹ̀kẹta, mítà márùndínlógójì lẹ́ẹ̀mẹfà, pẹ̀lú ìsinmi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láàárín wọn. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 5.0 tí ìkẹfà sì di 5.8, wíńgì yẹn á jó àjórẹ̀yìn ní abala kejì. Ẹ má ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ kan, ẹ má sì fi iye tí ẹ rí lórí ilẹ̀ tí òjò rin wé èyí tí ẹ rí lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Àwọn kan fẹ́ràn àtẹ̀gùn Òkè Ìdánrè. Ó dáa fún ìgbafẹ́ àti fọ́tò. Sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ máa ń ni orúnkún lára, kò sì sọ fún kóòṣì bóyá ọmọ lè padà wá gba bọ́ọ̀lù tó sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ méjì. Kò sí ìdí láti rìn jìn: Ìlárá-Mọ̀kín ni Yunifásítì Elizade wà, Ọ̀wọ̀ ni Rufus Giwa Poli wà, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó sì lè máa gba ara yín lálejò. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ gbá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta dípò abala méjì. Nínú eré méjèèjì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ ní. Kíípà mẹ́ta, méjì-méjì. Àwọn mọ́kànlélógún tó kù pín ọgọ́ta ààyè: méjìdínlógún á rí mẹ́ta-mẹ́ta, àwọn mẹ́ta á rí méjì-méjì. Kí ẹni tó gba méjì jẹ́ ẹni tí ẹ ti mọ̀ dájú, kì í ṣe ẹni tí ẹ ṣì ń ṣiyèméjì lé lórí. Ẹ ní kí olùrànlọ́wọ́ yín máa fi igi sàmì sí ohun kan ṣoṣo: bí ọmọ bá pàdánù bọ́ọ̀lù, ṣé ó sáré láàárín ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, àbí ó gbé ọwọ́ sókè sí rẹ́fírì?

Ara

Kí gbogbo wọn lọ sí ìtọ́jú ìlera iléèwé fún ẹ̀jẹ̀ ríru, gbígbọ́ ọkàn, àti jẹ́nótáìpù. Ẹni tó jẹ́ SS, dókítà ni kó sọ bóyá ó lè gbá. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbá, ṣùgbọ́n ẹ má fi eré àsápajúdé pá a lórí nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ jẹ́ kó sinmi kó sì mumi. Ẹni tó ní ibà kò gbọ́dọ̀ wá dánra wò rárá, kódà bó ní ara òun ti yá lẹ́yìn oògùn ọjọ́ kan.

Àìtó omi máa ń ṣẹlẹ̀ torí àwọn kóòṣì kì í ṣírò. Pure water mẹ́ta fún ẹnìkan, ẹni márùndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn márùndínlọ́gọ́rin: báàgì mẹ́rin lójúmọ́, torí ogún ló wà nínú báàgì kan. Ẹ má sì fo ìnara ogún ìṣẹ́jú ti FIFA 11+; lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ pupa wa bá le, ọrùn ẹsẹ̀ ló máa ń san gbèsè rẹ̀. Ẹni tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́, kó fo sókè lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìrora kí ẹ tó dá a padà sínú eré.

Kí ẹ tó lẹ orúkọ mọ́ ògiri

Àwọn tí kò wọlé, ẹ pe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ sọ fún wọn kí orúkọ tó jáde. Ọmọ tó ka orúkọ lórí ògiri láàárín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò bá tirẹ̀, ẹ kò ní rí i mọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun lẹ máa wá kiri lóṣù mẹ́ta sí i. Ẹ mú mẹ́fà nínú wọn sí ìdúródè, kí wọ́n máa bá yín dánra wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń dúró dè.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé owó iléèwé, fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì àti káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ kálukú, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀. Kí orúkọ inú fọ́ọ̀mù ìdíje bá ti káàdì mu lẹ́tà dé lẹ́tà: ẹni tó jẹ́ Adéwálé lórí káàdì tí gbogbo pápá ń pè ní Wálé, Adéwálé ni kí ẹ kọ. Ẹni tí kò tíì san owó, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹni ìdúródè sábẹ́ tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn méjèèjì.